Ó Ṣì Wúlò: Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Òṣìṣẹ́ Egan

Òjò ṣú ní Egan, lọ́nà Ìgàndò, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ni gbogbo òpópónà bá bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún wọn. Àṣà ibẹ̀ ni pé bí ojú ọ̀run bá ti dúdú báyìí, oníkálukú á kó pàǹtí ilé rẹ̀ jáde, á dà á sínú gọ́tà, kí àgbàrá lè bá a gbé e lọ. Ibi tí àgbàrá ń gbé e lọ, kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Hope, náà jáde. Fáànù tó ti kú wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń wọ́ àpò ìrẹsì kan tí ìyàwó rẹ̀, Susanna, kó aṣọ àtijọ́ sí. Pẹ̀lú bó ṣe ń wọ́ àpò yẹn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì, bàtà rẹ̀ sì ń dán.

Táì yẹn nítàn. Sítókípà, ẹni tó ń tọ́jú ẹrù, ni Bàbá Hope tẹ́lẹ̀ nílé iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìkejà. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ débi iṣẹ́, wọ́n bá ṣéènì lẹ́nu géètì. Ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé. Láti ìgbà náà, owó oṣù Susanna, tó jẹ́ tíṣà, ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Ojú ń ti Bàbá Hope débi pé kò jẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀. Á múra láràárọ̀, á wọkọ̀ lọ sí Ìkòtún, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn títí di ìrọ̀lẹ́, á wá padà sílé bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Bàbá Hope, ẹ kú àárọ̀, sà."

Táyéwò ló kí i, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé ilé kejì sí wọn, tó máa ń tún fáànù àti áyọ́ọ̀nù ṣe.

"Táyé, ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ń gbé fáànù yẹn lọ?"

"Ó ti kú ni. Mo fẹ́ kí àgbàrá bá mi gbé e."

"Kò ní gbé e jìnnà o. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀hún."

Bàbá Hope wo ìsàlẹ̀. Níbi tí gọ́tà ti gba abẹ́ afárá kékeré kọjá, níwájú ilé Màmá Adéọlá, ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé, òkìtì kan wà níbẹ̀: mátíráàsì tó ti ya, ṣòkòtò jíǹsì, báàgì ilé ìwé, ike, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ti dí ojú omi pa. Òjò tó rọ̀ kẹ́yìn, inú yàrá ìyá náà ni omi gbà. Àwọn aládùúgbò ló pọ̀n ọ́n jáde, ẹ̀rù sì bà wọ́n gan-an lọ́jọ́ náà. Bàbá Hope wà lára àwọn tó lọ gbọ́n omi. Kò rò ó rí pé ẹrù tòun náà lè wà nínú ohun tó dí i.

"Ẹ fún mi ní fáànù yẹn," ni Táyéwò wí. "Bí mo bá rí i tún ṣe, a ó tà á ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí kò bá ṣe é tún ṣe, a ó tú ohun tó wà nínú rẹ̀ lò. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé àpò aṣọ náà."

"Ṣọ́ọ̀bù ta ni?"

"Tiwa ni, sà."

"Mo mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ta ló ni ín ni mò ń bèèrè."

"Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà la ni ín."

Bàbá Hope rẹ́rìn-ín. "Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ọ̀gá, ṣé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn àbí pápá ìṣeré?"

Táyéwò náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó. Ẹ ò ṣáà ní lọ sí ọ́fíìsì nínú irú òjò yìí."

Bàbá Hope wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò rí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ló bá tẹ̀ lé e.

Ẹ̀bá títì tó lọ sí Akẹ́san ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ "Ó ṢÌ WÚLÒ" sára ògiri rẹ̀. Nínú rẹ̀, Bàbá Raheem, alágbàfọ̀ tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ aṣọ tí àwọn èèyàn kó wá. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ni Happiness jókòó sí. Ọmọ Delta ni, ṣùgbọ́n Ìpájà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ yá ju ti àwọn mìíràn tó ni èdè lọ. Ṣòkòtò àgbàlagbà tó ti gbó lórúnkún ló ń gé, tó ń fi rán ṣòkòtò péńpé ọmọ ilé ìwé.

"Dádì, ẹ káàbọ̀," ni Happiness wí. "Ẹ má wo bí ibí ṣe rí o. Ọjà ló pọ̀ lọ́wọ́ wa."

Òótọ́ ni, ọjà pọ̀. Ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ bí òkìtì iṣu. Bàtà wà lábẹ́ aṣọ, ìkòkò wà lórí ìwé, áyọ́ọ̀nù wà nínú agbada tó yẹ kí èèyàn fi dín ẹyin. Obìnrin kan wọlé, ó ń wá bàtà ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀. Happiness bẹ̀rẹ̀ sí í wú òkìtì náà bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ kan, kò rí ìkejì. Obìnrin náà dúró títí, ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ara Bàbá Hope ò gbà á mọ́.

"Ẹ dúró díẹ̀, ìyá," ló wí. Ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Kò pẹ́ tó fi rí bàtà kejì náà. Inú obìnrin náà dùn, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Bàbá Hope bojú wẹ̀yìn kí ó lè rí ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Òjò rọ̀, òjò dá, Bàbá Hope ò mọ̀. Ó to bàtà sápá kan, láti orí kékeré dórí ńlá. Ó ya aṣọ ọmọdé sọ́tọ̀, ó ya ti àgbà sọ́tọ̀, ó ní kí Táyéwò fi pákó ṣe pẹpẹ sí ògiri fún nǹkan iná mànàmáná. Ó ń ṣe é, ó ń fẹnu súfèé. Bàbá Raheem ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó délé, Susanna wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Hope, níbo lẹ ti rí eruku tó tó báyìí?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ purọ́. Ó wá rò ó pé irọ́ ti sú òun. Ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la," ló fi kún un. "Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé, bí àwọn ará ìjọ bá rí mi níbi tí mo ti ń ta àlòkù, kí ni wọ́n á wí?"

"Kí wọ́n rí yín jàre. Ṣebí wọ́n ti ń rí yín lábẹ́ igi máńgòrò láti ọjọ́ yìí."

Ẹnu Bàbá Hope là sílẹ̀. "O mọ̀?"

"Ìyàwó pásítọ̀ ló sọ fún mi. Ó ní bóyá ẹ ń gbààwẹ̀ ni."

Wọ́n jọ wo ara wọn, ni ẹ̀rín bá gbé wọn. Susanna rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ súfèé lẹ́nu yín kẹ́yìn. Ẹ ti ń fẹnu súfèé bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà lónìí. Ẹ lọ o."

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Hope ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n mọ ìwà ara wọn, wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́. Ìyáàfin Olútóyìn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń la àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́yẹ̀, ló wá ṣàlàyé fún un.

"Ẹnì kan, ohùn kan ni níbí, sà," ni Ìyáàfin Olútóyìn wí. "Ẹni tó dé lónìí àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọgbọọgba ni ohùn wọn níbi ìpàdé. Bí èrè bá wọlé, ẹ jọ máa pinnu ohun tí ẹ ó fi ṣe ni. Bí àdánù bá sì dé, ẹ jọ máa gbé e ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo yín fi gbọ́dọ̀ máa mọ ohun tó ń lọ."

"Mo gbọ́ yín," ni Bàbá Hope wí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì wọ̀ ọ́ lára. Ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Henry dé ló tó yé e.

Oníṣòwò ni Ọ̀gbẹ́ni Henry. Ó ní ilé ìtajà ní Akọ́wọ́njọ, ó sì ní ilé àlejò ní Ìpájà. Ó gbọ́ ìròyìn ṣọ́ọ̀bù náà, ló bá wá wò ó. Ó yí i ká, ó mi orí.

"Ẹ gbìyànjú o," ló wí. "Mo fẹ́ rà á. Orúkọ yìí, ṣọ́ọ̀bù yìí, gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin náà ò ní lọ síbì kankan, ẹ ó máa gba owó oṣù lọ́wọ́ mi." Ó yíjú sí Bàbá Hope. "Ẹ̀yin, sà, mo rí i pé ẹ lajú. Ẹ̀yin ni màá fi ṣe mánija. Màá kọ́ ọ́fíìsì fún yín, màá sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Bàbá Hope nínú. Mánija! Ó ti ń wo bí yóò ṣe rìn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Lójú Happiness náà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

"Ẹ jẹ́ á sọ òótọ́," ni Happiness wí lẹ́yìn tí Henry lọ tán. "Oṣù kan, ọwọ́ wa á kún. Oṣù mìíràn, èmi ò ní mọ bí mo ṣe máa san owó ilé. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù, ó mọ ohun tó ń bọ̀."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eèje lọ o," ni Bàbá Raheem wí láti ibi tó ti ń lọ aṣọ.

Táyéwò bínú. "Àwa la gbé ọjà àkọ́kọ́ lórí wa débí yìí. Kí la fẹ́ tà á fún?"

Wọ́n ò fẹnu kò. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Olútóyìn, wọ́n sì pe Ọ̀gbẹ́ni Henry náà wá sí ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé.

"Èmi ò wá sọ fún yín pé kí ẹ tà á tàbí kí ẹ má tà á," ni Ìyáàfin Olútóyìn fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ìbéèrè ni mo bá yín mú wá. Ọ̀gbẹ́ni Henry, ẹ jọ̀ọ́, bí ọjà bá dẹ̀rọ̀, tí iṣẹ́ dín kù, ta ni yóò pinnu ẹni tó máa lọ sílé?"

"Èmi ni," ni Henry dáhùn.

"Bí èrè bá gòkè ńkọ́?"

"Tèmi ni. Owó oṣù tiwọn ṣáà wà níbẹ̀."

"Aṣọ gbígbó tí Happiness ń sọ di tuntun, ṣé ẹ ó máa ṣe ìyẹn lọ?"

Henry rò ó díẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kò sì fẹ́ purọ́. "Ìyẹn máa ń gba àkókò. Ọjà tòkunbọ̀ ni màá máa kó wá, torí òun ló ń yá tà."

"Èyí tí kò bá tà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"A ó dà á nù ni, mádáàmù. Kí la tún fẹ́ fi ṣe?"

Bàbá Hope wo ilẹ̀. Ó rántí bí òun àti ogunlọ́gọ̀ èèyàn ṣe dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń wo ṣéènì, tí oníkálukú gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dání. Ó dìde.

"Iṣẹ́ tí mo ṣe tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo mọ ibi tí gbogbo ẹrù wà nínú ilé ìkẹ́rùsí yẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa tì í pa, kò sẹ́ni tó bi mí. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kankan nínú wa. Bí wọ́n bá bi wá ni, bóyá à bá ti dá àbá tó máa ran ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Oyè mánija dùn, mi ò ní purọ́. Mo kàn fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti máa ń bi mí ni."

Ó jókòó. Happiness ń wò ó.

"Dádì, mo gbọ́," ló wí. "Owó ilé mi ńkọ́?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni Ìyáàfin Olútóyìn wí. "Ẹ má fojú fò ó dá."

Wọ́n jókòó tì í. Bàbá Raheem ló dá a lábàá pé lóṣù tí ọjà bá ń tà, kí wọ́n máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó lè di ohun tí gbogbo wọn á máa gbà lóṣù tí ọjà bá dẹ̀rọ̀. Táyéwò ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé owó ilé tòun náà kì í dúró de ọjà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ délẹ̀, Ìyáàfin Olútóyìn ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tà á nawọ́. Ọwọ́ kankan ò lọ sókè. Ó ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ náà nawọ́. Ọwọ́ Happiness ló kọ́kọ́ gòkè.

Ọ̀gbẹ́ni Henry rẹ́rìn-ín, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. "Mo ti gbọ́ tiyín. Ẹ gbọ́ ná, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì àti kọ́tìnì ilé àlejò mi tí mò ń jù sí ààtàn, ṣé ẹ máa lè lò ó?"

"Ẹ máa kó o bọ̀," ni Happiness wí kíá. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí tépù tó fi ń wọn aṣọ.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Bàbá Hope àti Susanna ń ti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bẹ àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n má da aṣọ àti ohun èlò sí gọ́tà mọ́, kí wọ́n má sì dáná sun ún, torí èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà ọmọdé. Ṣọ́ọ̀ṣì gbà kí wọ́n gbé àpótí ńlá kan tí èèyàn á máa kó àlòkù sí sẹ́nu ọ̀nà, mọ́ṣáláṣí náà gbà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kó òkìtì iwájú ilé Màmá Adéọlá kúrò. Òjò ti rọ̀ léraléra lẹ́yìn ìyẹn, yàrá ìyá náà gbẹ, ó sì ń ṣàdúrà fún ẹni gbogbo tó bá kọjá, títí kan àwọn tí kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọlé sáà tuntun nílé ìwé ni ayọ̀ wọn kún. Kọ́tìnì Ọ̀gbẹ́ni Henry ti di báàgì ilé ìwé aláràbarà. Àwọn òbí tò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀bá títì. Ọmọbìnrin kékeré kan yan báàgì tó ní òdòdó pupa, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kò sì gbà kí ìyá rẹ̀ bọ́ ọ kúrò títí wọ́n fi lọ. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé wọ́n ní láti gba èèyàn méjì sí i: Fẹ́kọ́mi, tó kọ́ iṣẹ́ bàtà ṣùgbọ́n tí kò rí ibi ṣe é, àti ọkùnrin káfíńtà kan tó ń tún àga ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwọn méjèèjì wọlé, Bàbá Hope ló dìde láti ṣàlàyé fún wọn pé ẹnì kan, ohùn kan ni. Nígbà tí Fẹ́kọ́mi béèrè bóyá òun náà lè sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé yẹn, gbogbo wọn yíjú sí i, wọ́n ní kí ó máa wí. Ó ní pẹpẹ bàtà yẹn ga jù fún àwọn ọmọdé. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé e wálẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ní Alimoṣo, ìjọba ìbílẹ̀ tí Egan wà, àti níbi gbogbo, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Aṣọ tí ẹ sọ sí gọ́tà lónìí, ilé yín tàbí ilé aládùúgbò yín ni omi rẹ̀ máa wọ̀ lọ́la. Ẹ má dà á síbẹ̀, ẹ má sì sun ún. Ẹ fọ èyí tó bá ṣì dára, kí ẹ fún ẹni tó máa lò ó, tàbí kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń ta àlòkù, ẹ rí i pé ó mọ́, kí ẹ bèèrè ibi tí ọjà ti wá, kí ẹ má bàa ra ohun olè.

Bí ẹ bá mọṣẹ́ lọ́wọ́, tí ẹ kò ríṣẹ́ ṣe, ẹ wo àyíká yín. Ó ṣeé ṣe kí alágbàfọ̀ wà nílé kejì, kí télọ̀ wà nílé kẹta, kí owó àtifi bẹ̀rẹ̀ má sì tó lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ pe ara yín jọ. Ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n á sọ bí ẹ ó ṣe forúkọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohùn gbogbo yín dọ́gba, kí ìṣirò yín hàn sí gbogbo yín, kí ẹ sì máa fi nǹkan pamọ́ de oṣù tí ọjà bá dẹ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sì wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn pé òun fẹ́ rà á, ẹ má lé e, ẹ má sì sáré gbà. Ẹ jókòó, kí ẹ bi í ní gbogbo ìbéèrè tó bá yẹ, kí ẹ tó nawọ́.